Ilasa Àgbọ̀nrín: Ẹ̀kọ́ Nípa Ewéko Ẹ̀bá Ọ̀nà Kan ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún

Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ní láti rin ìrìn àjò kí a tó rí i. Ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó wà ní ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó sì wà ní etí pápá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti lẹ̀ mọ́ aṣọ wa rí bí èèmọ́, tí a sì fi ìbínú ṣà á dànù. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó lè dárúkọ rẹ̀. Ewéko náà ni ilasa àgbọ̀nrín. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ilasa òyìnbó. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pè é ní gbogbo ayé ni Urena lobata.

Kí n tó sọ bí ó ti rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí ìtìjú ni ó kọ́ mi.

Nígbà tí a rán mi lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé kan ní agbègbè Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, ọmọdékùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ó máa ń pẹ́ dé, tí aṣọ rẹ̀ sì máa ń kún fún èso kéékèèké ẹlẹ́gùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá a wí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo pè é ní ọ̀bùn, mo sì ní kí ó jáde lọ ṣa ara rẹ̀ mọ́ kí ó tó wọlé. Ọmọ náà kò wí nǹkan kan. Ó jáde, ó jókòó sí abẹ́ igi, ó sì ń ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi padà wọlé, ẹ̀kọ́ ìṣirò ti parí. Ó kó àwọn èso náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì bi mí léèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ni orúkọ rẹ̀?” Mo dá a lóhùn pé, “Koríko ni.”

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo tọ ọ̀nà oko tí ó gba ìdí òkè lọ, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tí ó fi iṣu ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo dé ahéré rẹ̀, láti orúnkún mi títí dé ìsàlẹ̀ ṣòkòtò, èso kan náà ni ó bò mí. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ilasa àgbọ̀nrín ti kí ọ káàbọ̀.” Níbi tí a jókòó tí a ti ń ṣà á ni mo ti gbọ́ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ọmọdékùnrin náà, àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń wá pọn omi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ó tó gba ọ̀nà yẹn lọ sí ilé-ìwé. Ohun tí mo pè ní ẹ̀gbin lára ọmọ náà ni ẹ̀rí iṣẹ́ tí ó ti ṣe kí èmi tó jí.

Mo fa igi kan nínú rẹ̀ tu pẹ̀lú gbòǹgbò, mo gbé e lọ sí ilé, mo sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ohun tí mo rí, àti ohun tí mo kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

1. Gbòǹgbò àti Igi Rẹ̀

Ilasa àgbọ̀nrín kì í ṣe koríko rárá. Igi kékeré ni, ó ń dúró ṣánṣán, gbòǹgbò rẹ̀ àárín sì máa ń wọlẹ̀ jìn, èyí ni kò fi rọrùn láti fà tu nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó lè ga tó ìdajì mítà, ó sì lè ga ju mítà 2 lọ bí ilẹ̀ bá sanra. Ẹ fi ọwọ́ pa ọ̀pá rẹ̀: ẹ ó rí i pé ó rí họ́họ́. Bí ẹ bá ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ẹ wò ó dáadáa. Irun wẹ́wẹ́ ni ó bò ó, irun kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka tí ó tàn ká bí ìràwọ̀.

Bí ẹ bá ṣẹ́ ọ̀pá náà, kò ní já bọ́rọ́. Inú rẹ̀ yóò dá, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ yóò máa fà tẹ̀lé ọwọ́ yín bí okùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí orí rẹ̀.

2. Ewé Rẹ̀

Ewé rẹ̀ kò rí bákan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ̀, wọ́n ṣe roboto, etí wọn sì là díẹ̀ sí ọ̀nà 3 tàbí 5. Bí ó ti ń lọ sókè ni ewé ń kéré sí i, tí ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́, títí tí èyí tí ó wà lẹ́bàá òdòdó kò fi ní là mọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ Látìn náà, lobata, ń tọ́ka sí nìyí: ewé tí ó là. Urena ní tirẹ̀ wá láti inú èdè àwọn ará Malabar ní gúúsù Íńdíà. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ni ó so orúkọ méjèèjì pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1753.

Ẹ yí ewé náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí iṣan àárín, nítòsí ibi tí ewé ti so mọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ ó rí ojú kékeré kan tí ó ń sun omi dídùn. Nítorí rẹ̀ ni èèrà fi máa ń gun igi náà lọ gun un bọ̀. Mo ti kọjá lẹ́bàá ewé yìí láti kékeré, n kò sì rí ojú náà rí títí di ọjọ́ tí mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Bí a bá gún ewé rẹ̀ tútù nínú omi, yóò yọ̀, yóò sì máa fà. Ibí yìí ni a ti mọ ìdí tí àwọn baba wa fi pè é ní ilasa, orúkọ ewé ilá tí a ń fi se ọbẹ̀. Ní ìgbà ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà ti sè é jẹ. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè rò pé orúkọ ìlú náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀: Ìlá tí a fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ti ìlú, ilá tí a fi ohùn àárín bẹ̀rẹ̀ ni ti inú ìkòkò.

3. Òdòdó Rẹ̀

Nígbà tí òjò bá ń tán lọ, tí ọjọ́ sì ń kúrú, ni ó máa ń tanná. Òdòdó rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó lẹ́wà: ewé òdòdó 5, aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àárín rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òwúrọ̀ ni ó ń là; kí ọjọ́ tó rọ̀ ó ti ká jọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi hàn àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ já a ní àárọ̀, kí ó má fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Nísàlẹ̀ àwọn ewé òdòdó náà ni ewé kéékèèké aláwọ̀ tútù wà ní ìpele 2, márùn-ún márùn-ún, bí ẹni wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Ní àárín òdòdó ni ẹ ó rí àmì ìdílé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ru ìyẹ̀fun akọ kò dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo wọn so pọ̀ di ọ̀pá kan tí inú rẹ̀ ṣófo. Abo òdòdó gba inú ọ̀pá náà kọjá, ó sì yọrí lókè pẹ̀lú ẹ̀ka 10. Ẹ lọ já òdòdó ilá ní ọgbà yín, ẹ já ti òwú pẹ̀lú, kí ẹ sì kó wọn jọ sí ojú kan. Àwọ̀ lè yàtọ̀, títóbi lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá àárín kan náà ni ẹ ó bá nínú wọn.

4. Èso Rẹ̀, àti Bí Ó Ti Ń Tàn Ká

Èso rẹ̀ ṣe roboto, ó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1. Nígbà tí ó bá gbẹ, ó ń pín sí ẹ̀yà 5, irúgbìn kan ṣoṣo sì wà nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gún kéékèèké ni ó bo ẹ̀yìn ẹ̀yà náà, orí ẹ̀gún wọ̀nyí sì ní ìwọ̀ tí ó tẹ̀ sẹ́yìn bí èyí tí apẹja ń lò. Bí aṣọ tàbí irun bá kàn án, ìwọ̀ náà á fi í kọ́, ẹ̀yà èso á já kúrò lórí igi, á sì bá ẹni tí ń kọjá lọ.

Ẹ wò ó bí ọgbọ́n yìí ti jinlẹ̀ tó. Igi àràbà ń fi afẹ́fẹ́ rán irúgbìn rẹ̀ lọ nínú òwú fúlẹ́fúlẹ́. Kòkó ń fi ẹran inú rẹ̀ tí ó dùn tan ọ̀bọ jẹ, kí ó lè pọ́n ọn lá kí ó sì tu irúgbìn dà sí ọ̀nà jíjìn. Ilasa àgbọ̀nrín kò ní ìyẹ́, kò sì ní adùn tí yóò fi bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì ń dúró de ẹni tí yóò kọjá. Ewúrẹ́ ń gbé e, ajá ń gbé e, màlúù àti ẹranko igbó ń gbé e. Ṣùgbọ́n ní ìlú àti ní oko, àwa ènìyàn gan-an ni ẹrù rẹ̀ wúwo lórí jù. A gbé e láti oko wá sí ẹ̀yìn ilé. A jókòó sí ojúde, a ṣà á, a sì dà á sílẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ èyí àti kí a gbìn ín?

Èyí ni ó fà á tí a fi máa ń rí i ní ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, ní etí ọ̀nà, ní ilẹ̀ tí a ti ro rí tí a sì fi sílẹ̀, nítorí ó fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ràn òjìji igbó ńlá. Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dáyọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà láàárín òkè, ọ̀nà oko sì pọ̀ ní ìdí àwọn òkè náà. Ẹni tí ó bá mọ ewéko yìí lè tọ ipa ọ̀nà àtijọ́ kan níbi tí igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó.

Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, kì í tètè jẹ́ kí omi wọlé. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń hù lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn ń dúró nínú ilẹ̀ títí èèpo rẹ̀ yóò fi há tàbí kí ó fọ́. Àgbẹ̀ tí ó ro oko rẹ̀ mọ́ lọ́dún yìí, tí ó sì tún bá a lọ́dún tí ń bọ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìṣúra àtijọ́ ni ilẹ̀ ń tú jáde.

Ní ọdún 1941, ọkùnrin ará Swítsálándì kan, George de Mestral, lọ ṣọdẹ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, èso ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan ti ilẹ̀ wọn ti lẹ̀ mọ́ irun ajá àti aṣọ rẹ̀. Kò bínú dà á nù; ó fi í sábẹ́ awò, ó rí ìwọ̀ orí rẹ̀, ó sì fara wé e. Láti inú rẹ̀ ni ìdè alẹ̀mọ́ra tí a ń pè ní Velcro ti wá, èyí tí ó gba ìwé àṣẹ fún ní ọdún 1955, tí ó sì wà lára bàtà àti àpò àwọn ọmọ wa lónìí. Ewéko tirẹ̀ kì í ṣe ilasa àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ìwọ̀ kan náà ni. Ohun tí ó mú kí ó yàtọ̀ sí èmi ni pé ó bèèrè, ó sì wò.

5. Àwọn Ìbátan Rẹ̀

Ìdílé tí ilasa àgbọ̀nrín ti wá ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Malvaceae. Ilá wà nínú rẹ̀, òwú wà nínú rẹ̀, ìṣápá sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, a ya ewédú sọ́tọ̀ sí ìdílé kejì, kòkó àti obì sí ìdílé kẹta, àràbà àti igi ọṣè sí ìdílé kẹrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun àjogúnbá tí ó wà nínú ewéko fúnra rẹ̀, wọ́n rí i pé a kò lè ya àwọn wọ̀nyí nípa. Láti ọdún 1998 ni ètò tuntun ti kó wọn pọ̀ sí ìdílé kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ọbẹ̀ tí a fi jẹ òkèlè, aṣọ tí a wọ̀, obì tí a fi ṣe àlejò, kòkó tí ọ̀pọ̀ òbí fi san owó ilé-ìwé: ìdílé kan ni gbogbo wọn ti jáde. Àbíkẹ́yìn ìdílé náà tí kò sí ẹni tí ó kà á sí ni ó dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó ń di àwọn ọmọ wa ní aṣọ mú.

6. Ìwúlò Rẹ̀

Mo ní kí ẹ fi èèpo rẹ̀ sọ́kàn. Okùn tí ó wà nínú èèpo náà dára, ó ń dán, ó sì lágbára. Bí a bá gé ọ̀pá rẹ̀ nígbà tí ó ń tanná, tí a rì í sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 15, ohun rírọ̀ tí ó yí okùn ká yóò jẹrà, a ó sì fọ okùn funfun jáde. Bí ó bá ti gbó jù, okùn náà á le.

Ní Kóńgò nígbà tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n gbìn ín nítorí okùn yìí, wọ́n sì fi hun àpò. Ní Brasil wọ́n ń pè é ní aramina, wọ́n sì fi í ṣe àpò kọfí. Ní Madagásíkà orúkọ rẹ̀ ni paka. Ó bá okùn jute dù ú nígbà náà, èyí tí ó ti ilẹ̀ Bengal wá, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Bengal ń hun, tí àwọn ti Dundee ní Skọ́tlándì náà sì máa ń hun nígbà kan rí.

Kí ni jute yìí? Ewéko 2 ni a ń rí i lára wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Corchorus olitorius, ni ewédú wa gan-an. Nítorí náà nígbà tí àgbẹ̀ bá da kòkó rẹ̀ sínú àpò jute tí ó ti òkè òkun wá, inú aṣọ ìbátan rẹ̀ ni kòkó náà wọ̀. Ìbátan wọn kẹta sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù, tí a ń fi àdá bẹ́ danù.

N kò wí èyí kí a lè sáré lọ gbìn ín káàkiri. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú un wá ní ìparí ọ̀rúndún 19 nítorí okùn rẹ̀. Iṣẹ́ okùn náà kò dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ewéko náà dúró. Lónìí a kà á mọ́ àwọn àlejò tí ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ewéko ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ní ìwọ̀ ní gbogbo ara kì í ṣòro láti mú wọlé. Lílé e jáde ni iṣẹ́.

7. Bí A Ṣe Lè Fi Kọ́ Àwọn Ọmọ

Ẹ̀kọ́ yìí kò gba owó. Kí olùkọ́ mú àwọn ọmọ rìn ní ọ̀nà oko kan, kí wọ́n sì padà wá ka iye èso tí ó lẹ̀ mọ́ aṣọ oníkálukú. Kí wọ́n kó irúgbìn 20; kí wọ́n fi òkúta ha èèpo 10 nínú rẹ̀, kí wọ́n fi 10 yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbìn wọ́n sínú agolo 2, kí wọ́n sì máa kọ iye tí ó hù lójoojúmọ́. Kí wọ́n rẹ èèpo rẹ̀ sínú ìkòkò omi, kí wọ́n sì fi okùn rẹ̀ lọ́ ìjàrá. Kí wọ́n to òdòdó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó ilá àti ti òwú, kí wọ́n yà á sínú ìwé wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé igi náà lọ sí kíláàsì. Mo sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ọmọdékùnrin náà pé mo ṣẹ̀ ẹ́, pé kì í ṣe ọ̀bùn, àti pé n kò mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni mo fi sọ pé koríko ni. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó wá síwájú kí a lè ka èso tí ó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ kà á tayọ̀tayọ̀. Ó jẹ́ 61. Mo bi wọ́n pé, bí ẹ̀yà èso kọ̀ọ̀kan bá ní irúgbìn kan, irúgbìn mélòó ni ó gbé wá sí ilé-ìwé? Ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ dáhùn, ó ní, “Sà, èmi ni mo ń gbìn ín láti ọjọ́ yìí.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìṣirò tí ó pàdánù ní ọjọ́ kìíní, ó rí i gbà padà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tí yóò bi wá ní orúkọ ewéko kan ń bọ̀ ní ilé-ìwé tí a ó rán olúkúlùkù wa lọ. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí a wí fún un pé a kò mọ̀, kí a sì bá a lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe wí fún un mọ́ pé koríko ni.